Mo Ṣubú ní Tenerife: Àgbéyẹ̀wò Ilé-iṣẹ́ Tó Ta Ìsinmi fún Wa àti Àwọn Agbẹjọ́rò Tó Bá Mi Gba Ẹ̀tọ́ Mi

Ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún ni mo fún ilé-iṣẹ́ tó ta ìsinmi ọjọ́ méje ní erékùṣù Tenerife ti ilẹ̀ Sípéènì fún èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Mo fún àwọn agbẹjọ́rò tó bá mi gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ wọn ní mẹ́rin. N kò ní dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé a ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti gba owó mi. Ṣùgbọ́n n óò sọ bí wọ́n ṣe ṣe sí mi láti ọjọ́ tí a sanwó fún wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n sanwó fún mi, torí pé mo mọ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba tí wọ́n ti farapa nínú ìsinmi tí wọ́n fi owó ara wọn rà, tí wọ́n dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀.

Lórí títa ọjà, n kò rí àbùkù kankan sọ. Obìnrin tó dá wa lóhùn lórí fóònù fi sùúrù ṣàlàyé. Owó tó sọ pé a óò san, 2,960 pọ́ùn, ni a san, wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún un lẹ́yìn. Inú owó yìí ni bàálù láti Gatwick wà, àti bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti pápákọ̀ òfurufú dé hòtẹ́ẹ̀lì, àti yàrá méjì tó ṣílẹ̀kùn sí ara wọn, àti oúnjẹ àárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Bàálù gbéra lásìkò. Yàrá mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ mi, tí wọn kì í jẹ ẹja nílé, jẹ ẹja níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn mọ́ wa débi pé ọkọ mi ti ń bi mí bóyá a kò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo ṣubú. Àtẹ̀gùn onípele mẹ́sàn-án ni ó so ibi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ pọ̀ mọ́ gbọ̀ngàn ìjẹun, òkúta funfun dídán ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tó máa ń kọ mànà bí iná bá tàn sí i. Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà lókè ìpele kẹta, ó sì ń kán omi sílẹ̀ tó, tó, tó. Omi kò ní àwọ̀, òkúta náà kò sì jẹ́ kí ojú tètè rí i. Kò sí àmì ìkìlọ̀, kò sí ẹní rọ́bà, apá kan ṣoṣo ni ọ̀pá ìdìmú wà, kì í sì í ṣe apá tí mo gbà. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ọwọ́ òsì tilẹ̀ kí orí mi má baà gbá òkúta, mo sì gbọ́ bí egungun ọrùn-ọwọ́ mi ṣe dún kí n tó mọ̀ pé mo ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù; ọwọ́ ni mo fi ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn, ọwọ́ ni mo fi ń wẹ̀ wọ́n. Kí ìrora tó wọ̀ mí lára ni iṣẹ́ yẹn ti wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn àgbà ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ọkọ mi ló ṣe àgbà lọ́jọ́ náà. Bí àwọn kan ṣe ń gbé mi jókòó, ó ti fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ya àtẹ̀gùn náà, ó ya omi tó wà lórí rẹ̀, ó ya ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì gba fídíò bí omi ṣe ń kán, kí obìnrin tó ń tún ilẹ̀ ṣe tó dé pẹ̀lú garawa àti aṣọ ìnulẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àtẹ̀gùn náà ti gbẹ, wọ́n sì ti gbé àmì ìkìlọ̀ kan síbẹ̀. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ nígbà náà yóò rò pé bó ṣe wà láti àárọ̀ nìyẹn. Tọkọtaya àgbàlagbà kan láti Scotland sún mọ́ wa, wọ́n sì sọ fún wa pé láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni àwọn ti lọ fi ọ̀rọ̀ omi náà tó àwọn tó wà níbi ìgbàlejò létí. Ọkọ mi gba orúkọ wọn àti ímeèlì wọn. N óò padà sórí tọkọtaya yìí, nítorí pé bí kì í bá ṣe tiwọn ni, bóyá ni ǹ bá rí kọ́bọ̀ gbà.

A tún béèrè fún ìwé ẹ̀sùn tí òfin ibẹ̀ pa á láṣẹ pé kí hòtẹ́ẹ̀lì máa ní lọ́wọ́ fún àlejò, èyí tí wọ́n ń pè ní hoja de reclamaciones. Ọmọkùnrin tó wà níbi ìgbàlejò kọ́kọ́ ní òun kò mọ ibi tó wà. Nígbà tí ọkọ mi pe orúkọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ó mú un jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Sípéènì, kó kọ́ orúkọ yẹn sórí kó tó kúrò nílé.

Ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ já mi kulẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́. Òfin tó de títa irú ìrìn-àjò yìí ní Ìlú Ọba ní kí ẹni tó ṣètò rẹ̀ ran arìnrìn-àjò tó bá bọ́ sínú ìṣòro lọ́wọ́ láìjáfara, kí wọ́n sọ fún un ibi tí ìtọ́jú wà, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀nà láti bá àwọn tó yẹ sọ̀rọ̀. Aṣojú wọn, ọmọbìnrin tó wá bá wa lọ́jọ́ tí a dé láti ta ìrìn-àjò ojú omi fún wa, dé lẹ́yìn wákàtí méjì. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi pé kí n buwọ́ lù ú. Ọkọ mi kà á kí n tó fọwọ́ kan kálàmù, ó sì rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fa ìṣubú pé n kò wo ibi tí mò ń tẹ̀. A fa ìlà sí i, a sì kọ òtítọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló júwe ilé ìwòsàn aládàáni kan fún wa, níbi tí wọ́n ti béèrè 640 yúrò kí dókítà tó wò mí. Kò sọ fún wa pé ilé ìwòsàn ìjọba wà, tàbí pé káàdì GHIC, káàdì ìtọ́jú ìlera nílẹ̀ òkèèrè tí ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wúlò níbẹ̀. Àwọn ará Scotland yẹn náà ló sọ ọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo lọ. Wọ́n ya àwòrán egungun mi, wọ́n bá mi tò ó, wọ́n de pí-ó-pí mọ́ ọn, wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ mi. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n fún mi látòkèdélẹ̀, mo sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

Nígbà tí a padà dé Lọ́ńdọ̀nù, tẹbí-tọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó sunkún, ó gbàdúrà, ó ní kí n fa ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé ẹni tí ì bá fi orí gbá òkúta tó wá jẹ́ pé ọwọ́ ló fi gbà á, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí mo dá lọ́dọ̀ Ọlọ́run kò pa gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ mí rẹ́. Ọlọ́run ló dá ẹ̀mí mi sí. Omi tó kán fún ọjọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò wá nǹkan ṣe sí i, àìbìkítà ènìyàn ni. A máa ń da méjèèjì pọ̀ nínú àwùjọ wa, bí ẹni pé ẹni tó bá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò moore, ó sì dùn mí, torí àwọn tó jẹ wá ní gbèsè ni àṣà yìí ń gbè.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá mi lóhùn pé hòtẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe tiwọn, pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni ín, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí n kọ̀wé sí. Ẹni tí kò bá mọ òfin yóò gbà wọ́n gbọ́, nítorí ó jọ òtítọ́. Kì í ṣe òtítọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2018 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Package Travel and Linked Travel Arrangements Regulations ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ó rọ́pò ti ọdún 1992, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò náà ni yóò dáhùn fún gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn, ì báà jẹ́ òun ló ṣe é fúnra rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn ló bá a ṣe é. Bí a bá ra bàálù àti ibùgbé pọ̀ fún ìrìn-àjò kan náà, tí a sì sùn mọ́jú lọ́hùn-ún, abẹ́ òfin yìí ni a wà. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà ni mo fi owó mi lé. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n lè lọ bá hòtẹ́ẹ̀lì fa ọ̀rọ̀ tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá mi lóhùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ra bàálù tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ra hòtẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, torí pé ogójì pọ́ùn dín lórí rẹ̀. Òun náà farapa ní Sípéènì, nínú ilé ìwẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Ìlú Ọba tó lè pè lẹ́jọ́: hòtẹ́ẹ̀lì náà nìkan ló kù fún un, lábẹ́ òfin ilẹ̀ wọn, níbi tí àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn báyìí lè má ju ọdún kan lọ. Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà pe wọ́n lẹ́jọ́ láti ilé ti há sí i. Ogójì pọ́ùn yẹn wọ́n. Àna mi kan ní Èkó tún béèrè bóyá òfin yìí lè ran òun lọ́wọ́ lórí ìrìn-àjò Dubai tí òun rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ikẹjà. Mo ní rárá, ìrìn-àjò tí wọ́n tà ní Ìlú Ọba ni òfin náà wà fún.

Lẹ́yìn èsì wọn yìí ni mo wá agbẹjọ́rò, ní oṣù kìíní ọdún 2023. N kò dá àwọn tó ń pe ènìyàn lórí fóònù láìjẹ́ pé a pè wọ́n lóhùn. Mo wá ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àkóso Solicitors Regulation Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn agbẹjọ́rò, tó sì jẹ́ pé ìjàǹbá ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ wọn. Àdéhùn wa ni pé bí a kò bá borí, n kò ní san owó iṣẹ́ wọn. Bí a bá borí, wọ́n lè mú tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó ìrora àti owó tí mo ti pàdánù, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó tó bá wà fún ọjọ́ iwájú. Òfin ló fi ààlà yẹn lélẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2013. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi lé lọ́wọ́ gbọ́n, ó ní sùúrù, ó máa ń pè mí padà lọ́jọ́ tó bá ní òun yóò pè, kì í sì í fi èdè ilé-ẹjọ́ dẹ́rù bà mí.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ lára wọn ní ìdí. Lẹ́yìn tí mo ti buwọ́ lùwé tán ni mo rí i nínú ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tí a ti rà ní 48 pọ́ùn pé ó ní ìpín kan tó ń san owó agbẹjọ́rò fún ẹni tó bá farapa nílẹ̀ òkèèrè. Bí mo bá ti mọ̀, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin owó mi kì bá ti lọ. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti bi mí léèrè ṣáájú bóyá mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bi mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú fọ́ọ̀mù olójú ewé mọ́kànlá ni ìbéèrè náà wà, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń kọ nǹkan nígbà náà. Ó yẹ kí ẹnì kan fi ẹnu sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀rí ló le jù nínú irú ẹjọ́ báyìí. Mo rò pé bí mo bá ti fi hàn pé omi wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Agbẹjọ́rò mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ilé-ẹjọ́ Ìlú Ọba kì í fi òṣùwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù wọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Tenerife. Òṣùwọ̀n ibẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni tó mú ẹ̀sùn wá ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé hòtẹ́ẹ̀lì náà kùnà lórí òṣùwọ̀n ibẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó já wọ inú ilẹ̀kùn dígí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní erékùṣù Kos ní ilẹ̀ Gíríìsì. Dígí lásán tó nípọn tó mìlímítà márùn-ún ni, kì í ṣe dígí ààbò, ṣùgbọ́n ó bá òfin Gíríìsì mu, ọkùnrin náà kò sì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ta ìsinmi náà fún un. Òmíràn sún mọ́ tèmi débi tí oorun kò fi kùn mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ: obìnrin kan yọ̀ ṣubú nítorí omi tó wà lórí àtẹ̀gùn òkúta dídán ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Sípéènì, adájọ́ àkọ́kọ́ dá a láre, ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, nítorí pé kò mú ẹ̀rí kankan wá nípa ohun tí òṣùwọ̀n ibẹ̀ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì ṣe.

Mo rò pé ìyẹn le jù. Báwo ni ẹni tó lọ fún ọjọ́ méje pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe mọ òṣùwọ̀n àtẹ̀gùn ilẹ̀ onílẹ̀? Síbẹ̀ bí òfin ṣe wà nìyẹn, bí a sì ṣe kojú rẹ̀ ni èyí. Àwọn agbẹjọ́rò mi gba ìwé ìmọ̀ràn láti ọ̀dọ̀ amòfin kan ní Sípéènì, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ náà kó ìwé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú hòtẹ́ẹ̀lì wá. Ìwé yẹn, tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ní kí wọ́n máa yẹ àtẹ̀gùn náà wò ní wákàtí méjì-méjì. Ojú ewé ọjọ́ tí mo ṣubú sì ṣófo láti aago kan ọ̀sán lọ. Nígbà tí a wá gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ará Scotland lé e, pé ọjọ́ méjì ni hòtẹ́ẹ̀lì ti fi mọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ pé òṣùwọ̀n ibẹ̀ ni àwọn tẹ̀lé. Òṣùwọ̀n tiwọn ni wọ́n rú.

Kí ìwé yẹn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó gba ìgbà. Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nílé, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láti ṣe ìwádìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ó lè tó oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ náà lo gbogbo oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìku ọjọ́ kan. Èsì tí wọ́n wá fún wa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni pé bàtà onírọ́bà ni mo wọ̀, pé ó yẹ kí n mọ̀ pé omi máa ń wà nítòsí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, àti pé ewu tó hàn gbangba kò nílò ìkìlọ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ní ìpìlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan forí bẹ́ sínú apá tí kò jìn nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní erékùṣù Corfu ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 2002, ó sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn pinnu ní ọdún 2007 pé ilé-iṣẹ́ tó ta ìsinmi náà kò ní ojúṣe láti kìlọ̀ nípa ewu tó hàn kedere. Ìdáhùn wa kúrú: omi tí ẹ̀rọ ń kán sórí òkúta funfun nínú ilé, ní ibi tó jìnnà sí adágún náà tó ìṣísẹ̀ ogójì, kò hàn sí ẹnikẹ́ni, fọ́tò ọkọ mi nìyí.

Lórí iye tó yẹ kí wọ́n san, mo kọ́ ohun tí n kò rò rí. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Judicial College Guidelines, tí àwọn adájọ́ fi ń wo iye tó tọ́ sí ìpalára kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó yẹ̀ mí wò fún ẹjọ́ náà ni ó sọ bí egungun mi ti ṣẹ́ tó àti bí yóò ti pẹ́ tó kó tó san. Ìyẹn ni owó ìrora. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó iṣẹ́ tí mo pàdánù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, pẹ̀lú iṣẹ́ alẹ́ àfikún tí mo máa ń ṣe. Ìwé owó oṣù mi fún ọdún kan ṣáájú ló fi hàn pé mo máa ń ṣe é, n kò sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí mo bá ti dà wọ́n nù. Wọ́n tún ka ìsinmi tó bàjẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọkùnrin agbẹjọ́rò kan ló ra ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní Switzerland ní ìparí ọdún 1969 ní 63 pọ́ùn ó lé díẹ̀, wọ́n ṣèlérí àríyá àti ẹgbẹ́ àlejò fún un, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì òun nìkan ni àlejò tó kù, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fún un ní 125 pọ́ùn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tó san.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àbúrò mi. Ó wá láti Manchester, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ó ń wẹ̀ mí, ó ń se oúnjẹ, ó ń di irun ọmọ mi obìnrin kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, ohun tí ọmọ ìyá ń ṣe fún ọmọ ìyá nìyẹn, n kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún agbẹjọ́rò. Òun ló bi mí pé ta ló ń ran mi lọ́wọ́ nílé. Òfin Ìlú Ọba ń ka wákàtí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ó ń fi owó lé e, owó náà sì jẹ́ ti ẹni tó ṣe ìtọ́jú. Àbúrò mi kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á.

Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ wá ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni 2,500 pọ́ùn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Part 36, èyí tó túmọ̀ sí pé bí mo bá kọ̀ ọ́, tí adájọ́ kò sì fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan nínú ìnáwó wọn láti ìgbà tí ọjọ́ mọ́kànlélógún tí mo ní láti fi gbà á bá ti pé lè di tèmi. Ó dẹ́rù bani, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nítorí kó lè dẹ́rù bani ni wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ọkọ mi ní kí n gbà á. Agbẹjọ́rò mi fara balẹ̀ ka ìṣirò náà fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní òun kò lè pàṣẹ fún mi, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí mo pàdánù nìkan ju iye yẹn lọ. Mo kọ̀ ọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, a fẹnu kò sí 9,400. Àwọn agbẹjọ́rò mú 2,350 níbẹ̀, owó adójútòfò tí a rà fún ẹjọ́ náà sì gba 340. 6,710 ló wọ àpò mi. Oṣù mọ́kàndínlógún ni gbogbo rẹ̀ gbà láti ọjọ́ tí mo ṣubú.

Nípa àkókò, ọdún mẹ́ta ni òfin Ìlú Ọba fún ẹni tó farapa láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù. Ti ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí yóò fi pé ọdún méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inú bàálù tàbí níbi tí a ti ń wọ̀ ọ́ ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ọdún méjì ni, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ti sọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ àdéhùn Athens. Mo sì bẹ ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má purọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2017, àwọn kan ní Ìlú Ọba sọ ọ́ di iṣẹ́, wọ́n ń padà láti ìsinmi, wọ́n ń sọ pé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì kó inú rírun bá àwọn, nígbà tí ara wọn le koko. Ilé-ẹjọ́ rán lára wọn lọ sẹ́wọ̀n. Nítorí wọn ni ilé-iṣẹ́ fi ń wo gbogbo wa bí ọ̀daràn. Ẹni tó sọ òtítọ́ tó sì pàdánù kì í sábà san owó agbẹjọ́rò ẹnì kejì. Ẹni tó bá purọ́ ni ààbò yẹn ń fi sílẹ̀.

Ọwọ́ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àyàfi pé ó máa ń dùn mí nígbà òtútù, tàbí bí ẹni tí mò ń gbé dìde bá fi gbogbo ara tì mí. Nínú ìràwọ̀ méjì tí mo fún ilé-iṣẹ́ náà, bàálù, bọ́ọ̀sì àti yàrá ló gba ọ̀kan. Owó tí wọ́n san nígbẹ̀yìn láìjẹ́ pé a dé iwájú adájọ́ ló gba ìkejì. Ǹ bá fún wọn ní ìkẹta fún ohun tí kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ sí mi àti sí àwọn agbẹjọ́rò mi, mo ti tún gbogbo wọn kà kí n tó jókòó kọ èyí, n kò sì rí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé kí n pẹ̀lẹ́. Obìnrin tó wá pẹ̀lú garawa lọ́jọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tó nu ilẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀ tì mí lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó di ọwọ́ mi kejì mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀.